Kí Ẹ Tó Bú Ìka Yín, Ẹ Yẹ Gìtá Yín Wò

Ẹni tó bá wá bá mi pé gìtá oníná ti sú òun, pé orí ìka ń ta òun, pé kọ́ọ̀dù F, àkójọ ohùn tó máa ń le fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kò dún pẹ̀lú gbogbo bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé kó gbé gìtá náà wá kí n rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ìnáwó n'Íbàdàn, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀tì gìtá àkọ́kọ́ tí wọ́n rà, ìyẹn ni pé mo tún un tò kó lè rọ ọwọ́ lọ́rùn. Nínú àwọn tí mo rí tó gbé tiwọn jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwọ̀nba ni ẹni tí kò ní etí orin. Gìtá tí ẹnikẹ́ni kò sẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bá wọ̀yá ìjà.

Ẹ wò ó ná. Gìtá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Mushin àti ní àwọn ìsọ̀ ohun èlò orin káàkiri, China tàbí Indonesia ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n dì í sínú páálí, wọ́n tò ó sínú kọ̀ńténà, ó gba orí òkun wá, oòrùn pa á ní wọ́ọ̀fù, wọ́n tún fi ọkọ̀ kó o dé ìsọ̀. Igi ni ọrùn gìtá, igi kì í sì í dúró sójú kan bí ojú ọjọ́ bá ń yí padà. Lórí ìyẹn, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí rẹ̀ ń fà á tọ̀sántòru pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ kílò 40, nígbà míì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo ni kò ti ní yẹ̀? Ẹni tó ń tà á ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó so ó mọ́ combo, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, kó fi ta ohun kan tó dùn fún yín, kó gba owó. Mi ò bá a wí. Àwa tí a rà á ló kù sí lọ́wọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa gbé tirẹ̀ wá, gìtá dúdú kan tí wọ́n fara wé Stratocaster, irú gìtá oníná kan tó gbajúmọ̀, ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé kí n kúkú lọ kọ́ kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi ò gba nǹkan yìí.”

Mo ní kó tẹ okùn tó tín-ín-rín jù ní fret kìn-ín-ní, ìyẹn àkọ́kọ́ nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Orí ìka rẹ̀ funfun báláú kí ohùn tó jáde, ohùn tó sì jáde ọ̀hún ti sharp, ìyẹn ni pé ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mú rúlà onímílímítà, mo gbé e dúró lórí irin fret kejìlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó nípọn jù. Àyè tó wà lábẹ́ okùn náà lé ní mílímítà 3. Mo gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wọn ọ́n lójú rẹ̀: mílímítà 2, kò yẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ń sọ látọjọ́ yìí pé mi ò kì í fi ọwọ́ kọ́ ọ nílé.”

“Ìyẹn náà wà níbẹ̀,” mo dá a lóhùn, “ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹjọ́ gìtá kúrò ńlẹ̀.”

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bó ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ. Okùn la ó kọ́kọ́ mú, ọrùn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni gíga okùn, ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá jókòó tán ni a ó tó wo bóyá ohùn òkè bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, tó ń yí saddle, irin kékeré tí okùn jókòó lé ní ìdí gìtá, sókè sódò nígbà tí kò tíì wo ọrùn, àtúnṣe rẹ̀ kò ní tán. Bí ọrùn bá sún díẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tó ti ṣe di òfo.

Okùn tó bá gìtá wá látinú páálí, mo máa ń já a dànù ni. Ó ti pẹ́ lórí rẹ̀, òmíràn á ti dógùn-ún kó tó délé. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, 9-42 ni mo máa ń ní kó rà. Ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni nọ́ńbà yẹn ń sọ: okùn tó tín-ín-rín jù jẹ́ 0.009 íǹṣì, èyí tó nípọn jù jẹ́ 0.042. Ó rọ̀ lábẹ́ ìka ju 10-46 lọ dáadáa. Àwọn onígìtá kan wà tó máa ń fi okùn tó nípọn yangàn, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ ló ki. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yangàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìnípọn kan, kó dúró tì í fúngbà díẹ̀, torí bí okùn tó nípọn bá rọ́pò èyí tó fúyẹ́, agbára tó ń fa ọrùn ti yí padà nìyẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ setting látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń pààrọ̀ okùn, mi ò kì í bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lórí gìtá tí bridge rẹ̀, ìyẹn irin ìdí gìtá tó gbé àwọn saddle, ní spring lẹ́yìn. Mo máa ń jẹ́ kí okùn yí òpó tuner, èyí tí a ń yí láti fa okùn sórí ohùn, po lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó máa sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń yí, kó má gun orí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: mo fi ìka kọ́ okùn náà láàárín, mo fà á sókè jẹ́jẹ́, mo tún un tune, mo tún fà á, títí tí kò fi ní wálẹ̀ mọ́. Okùn tuntun tí a kò bá nà báyìí kò ní dúró sórí ohùn títí ìsìn á fi parí, ẹni tó ni gìtá á sì máa bú tuner. Bí okùn bá sì ń dún “kín” nígbà tí ẹ bá ń tune, tó wá fò kọjá ibi tí ẹ ń lọ, ojú ihò nut, ègé kékeré tí okùn gbà kọjá ní orí ọrùn, ló há sí. Ẹ gbé okùn kúrò níbẹ̀, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù yà á nínú ihò náà. Eérú dúdú inú pẹ́ńsùlù yẹn á jẹ́ kó máa yọ̀.

Ọrùn wá kàn. Irin kan gba inú rẹ̀ kọjá, truss rod ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fà á sẹ́yìn kí okùn má bàa tẹ̀ ẹ́ síwájú jù. Ọrùn tó dáa kì í tọ́ gbọnrangandan, ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ ṣíún, nítorí pé okùn tó ń gbọ̀n máa ń fẹ́ àyè láàárín ju ibi méjèèjì tó so mọ́ lọ. Tí mo bá ti tune gìtá tán, mo fi ọwọ́ kan tẹ E ńlá, okùn tó nípọn jù, mọ́ fret kìn-ín-ní, mo fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó kẹ́yìn pátápátá. Okùn náà ti di rúlà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mo wá wo àyè tó wà láàárín òun àti fret keje tàbí ìkẹjọ. Bíi mílímítà 0.2 sí 0.3 ni mo ń wá. Bí okùn bá jókòó pa sórí fret tí kò sí àyè rárá, ọrùn ti tọ́ jù tàbí kó ti tẹ̀ sẹ́yìn, òun ló fi ń kùn zìì ní àwọn fret àkọ́kọ́. Bí àyè náà bá fẹ̀ gbayawu, ó ti tẹ̀ síwájú jù, okùn á ga láàárín, ọwọ́ á sì máa ro ni.

Bí a bá kọjú sí ẹnu truss rod, yíyí i sápá ọ̀tún ń mú ọrùn tọ́, yíyí i sósì ń dẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan, n ó tún tune, n ó tún wò, mi ò sì kì í fi Allen key tó jò nínú ihò rẹ̀ yí i, torí á jẹ ẹnu rẹ̀ di róbótó. Bó bá le tí kò fẹ́ yí, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Truss rod tó bá já sínú ọrùn, owó àtiṣe rẹ̀ lè ju owó gìtá náà lọ.

Ní ìhà tiwa, mo máa ń yẹ ọrùn wò nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, n ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, á sún kì, ṣùgbọ́n irin fret kì í sún kì ní tirẹ̀. Ẹnu irin á wá yọ síta létí ọrùn bí eyín ayùn, ẹni tó bá ń gbé ọwọ́ lọ gbé ọwọ́ bọ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má tètè mú fáìlì sí i. Ẹ gbé gìtá sínú báàgì rẹ̀, ẹ rẹ fóòmù kékeré kan sínú omi, ẹ fún un dáadáa kó má kán mọ́, ẹ fi í sínú ike ọṣẹ oníhò, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú báàgì náà, kó má fara kan gìtá. Bí igi bá mu ọ̀rinrin padà, òmíràn á wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá wọlé ni ká tó ronú fáìlì.

Gíga okùn ni ibi tí ara ti máa ń tu àwọn ọmọ. Lórí fret kejìlá ni mo ti ń wọn ọ́n, láti orí irin fret dé abẹ́ okùn. Mo máa ń fi E kékeré, okùn tó tín-ín-rín jù, sí nǹkan bíi mílímítà 1.6, E ńlá sí nǹkan bíi 2, mo sì to àwọn yòókù sáàárín wọn ní ìtẹ̀léra. Lórí gìtá irú Stratocaster, okùn kọ̀ọ̀kan ló ní saddle tirẹ̀, Allen key kékeré la fi ń gbé e sókè sódò. Irú Les Paul rọrùn jù: irin róbótó kékeré méjì tí a ń yí ló gbé gbogbo bridge ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo máa ń ta okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fret látòkè délẹ̀. Tó bá ń kùn, mo so ó mọ́ combo kí n tó pariwo. Èyí tó jẹ́ pé etí lásán ló ń gbọ́ ọ, tí combo kò gbé e jáde, mo máa ń fojú fò ó. Fret kan ṣoṣo tó ń kùn nígbà tí gbogbo yòókù dákẹ́, irin fret kan ló ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa bá yín tún un ṣe.

Nut ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa kọ́ọ̀dù F. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret kẹta, kí ẹ wo orí fret kìn-ín-ní. Okùn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án, kó ku bí irun orí kan. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀, ihò nut kò jìn tó. Kò sí bí ẹ ṣe lè sọ bridge kalẹ̀ tó tí F á fi rọrùn lórí irú gìtá bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa sharp pẹ̀lú bí ẹ ṣe tune rẹ̀ dáadáa tó. Ohun tó ṣe ti àbúrò wa yẹn gan-an nìyí. Fáìlì pàtó tó bá ìnípọn okùn mu ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá ní in kó má fi ayùn gbìyànjú, torí tó bá jìn jù, nut tuntun ló kù.

Kí ohùn òkè bá ti ìsàlẹ̀ mu, èyí gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò le. Mo fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ní orí fret kejìlá, mo ta á, mo sì gbé ìka kúrò lọ́gán: ohùn kan á jáde gbọnrangan bí agogo. Mo wá tẹ okùn náà mọ́ fret kejìlá kan náà bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo ta á. Ẹ̀rọ tuner, èyí tó ń ka ohùn, gbọ́dọ̀ ka ohùn kan náà fún méjèèjì, èyí tó wà lórí fóònù tó fún iṣẹ́ yìí. Bí èyí tí mo tẹ̀ bá sharp, mo fa saddle sẹ́yìn kí okùn gùn sí i. Bó bá flat, tó rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo tì í síwájú. Okùn tuntun nìkan ni mo fi ń ṣe é, èyí tó ti gbó máa ń purọ́.

Àwọn kan á ní kí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fẹ́ fi fret kejìlá ṣe. Ẹ gbọ́ bí gìtá ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orin jùjú, nínú ẹgbẹ́ Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé: gìtá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń hun ara wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn mímọ́ gaara, tí kò sí ariwo tó máa bo àbùkù. Ọ̀kan tó bá wọ́ díẹ̀ lókè, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ọmọ tí gìtá rẹ̀ ń purọ́ fún lójoojúmọ́, etí rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ìdí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo ibẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ pickup, mágnẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sí combo, kò pọ̀. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret tó kẹ́yìn, bíi mílímítà 2 sí 2.5 ló yẹ kó wà láàárín okùn àti orí pickup. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, mágnẹ́ẹ̀tì á máa fa okùn, ohùn àjèjì á máa jáde lẹ́yìn èyí tí ẹ ta. Ní ti bridge onírin jíjì, irú èyí tí wọ́n ń mì kí ohùn lè máa wárìrì, ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni kó dé spring ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí bridge jókòó sórí igi, kó sì fi ọwọ́ irin náà sínú báàgì. Bí okùn kan bá já lórí bridge tó léfòó, márùn-ún yòókù á sharp lójú ẹsẹ̀, láàárín orin. Gìtá tó ní Floyd Rose, irú bridge tó léfòó kan, tó dáa bí ó ti dáa, kì í ṣe gìtá àkọ́kọ́.

Ọ̀ràn iná ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ combo tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, 120 volts sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 230. Ẹ yí ẹ̀yìn combo padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ibi tí wáyà iná ti wọlé, kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ 120 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ nílò step-down, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kalẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì ju iye watt tí wọ́n kọ sẹ́yìn combo lọ. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ ẹnu plug, tó sì tì í bọ iná tiwa, fúúsì á jó, bí orí bá bá a ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ transformer inú rẹ̀ ló máa rùn jáde. Èyí tó bá ti London wá kò ní wàhálà yìí, 230 náà ni tiwọn. Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀, stabilizer kì í ṣe àṣejù níbẹ̀. Kí ẹ sì pa combo kí ẹnikẹ́ni tó yí iná láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀.

Ariwo “hùùù” tó ń jáde lára gìtá tó ní single coil, irú pickup kan, tó sì rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, kò burú, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ sún kúrò nídìí combo, ẹ gbé chájà fóònù jìnnà. Ṣùgbọ́n bí mic bá ń gbọ̀n yín létè nígbà tí ọwọ́ yín wà lórí okùn, ẹ dá orin dúró. Okùn gìtá so mọ́ earth combo, wáyà ààbò tó lọ sínú ilẹ̀, láti ojú jack, ibi tí wáyà ti wọ gìtá, wá, mic so mọ́ earth mixer ní tirẹ̀. Tí combo bá wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí mixer wà lórí òmíràn, tí earth ọ̀kan nínú wọn kò sí tàbí tó ti já, ara ẹni tó ń kọrin tó tún ń ta gìtá ni iná máa gbà kọjá. Mo ti rí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta plug dànù nítorí kí ariwo lè dákẹ́. Ẹ má ta gìtá nírú ibẹ̀ títí oníná á fi dé. Ẹni tó bá sọ pé “ó kàn ń gún ni díẹ̀ ni,” ẹ gbé mic fún un.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò tó nǹkan. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, pàápàá lóde ìnáwó tí wọ́n ti ń gbé ẹran díndín kiri. Lẹ́yìn eré, ẹ fi aṣọ òwú gbígbẹ nu okùn, òkè àti abẹ́ rẹ̀, torí òógùn ló ń jẹ ẹ́ ní ìgbà òjò. Bí pátákó ọrùn bá jẹ́ rosewood, ìyẹn igi pupa tó ṣókùnkùn, ìkán òróró tí wọ́n ṣe fún pátákó gìtá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó, kí ẹ nù ún kúrò kíákíá. Òróró ìsebẹ̀ kọ́, kẹrosíìnì kọ́. Maple tí wọ́n ti fi fáníìṣì bò, aṣọ gbígbẹ nìkan. Bí nọ́ọ̀tì tó di ojú jack mú bá ń yí, ẹ má fi ìka dé e láti ìta nìkan: odidi jack á bá a yí nínú, wáyà á já, ó di kí atún-rédíò-ṣe fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Ẹ ṣí i, ẹ di inú mú, kí ẹ tó dé e. Fún okùn èjìká tó máa ń yọ, mo gé rọ́bà sílípáàsì àtijọ́ ní róbótó, mo dá a lu láàárín, mo tì í bọ orí bọ́tìnnì lẹ́yìn okùn èjìká. Kò yọ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ má sì fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Nínú àpò báàgì tèmi, ẹ máa bá rúlà, Allen key méjì, pẹ́ńsùlù, aṣọ ìnuwọ́, wáyà jack kan tó ṣẹ́kù, àti E kékeré àti B tí mo rà lọ́tọ̀. Odidi páálí okùn kò pọn dandan láti máa gbé kiri: àwọn méjì tó tín-ín-rín yẹn ló sábà máa ń já, àárín orin ìdúpẹ́ gan-an ni wọ́n sì máa ń yàn láti já.